Ìjókòó Ọwọ́ Ọ̀tún

Ìgò ọtí náà mọ́ ju ẹni tó gbé e wá lọ. Ó dúró lórí tábìlì ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń dán, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ò ká létí, ẹrẹ̀ kankan ò sì sí lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mátànmíjẹ wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó pòṣé, ó sì fa àga jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi lọ̀ ọ́.

"Inú hẹlikọ́pítà yẹn la ti rí i, mà," ọ̀gá àgọ́ wí. Inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ní kó máa lá ìkòkò. "Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ọtí ló pa páílọ́ọ̀tì."

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ hẹlikọ́pítà yìí nílùú náà, a jẹ́ pé etí rẹ̀ di. Bàálù agbérapáà kékeré kan, tó ní àga méjì péré níwájú, já sínú adágún lọ́sàn-án gangan. Èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni Alága, ẹni tó ni bàálù náà, tó tún ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà létí omi. Òun yọ láàyè, àwọn apẹja sì fi ọkọ̀ wọn gbé e dé èbúté. Ẹnì kejì ni awakọ̀ rẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ bá òkú rẹ̀ lẹ́yìn àga. Ó ti tú bẹ́líìtì ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde. Kí aṣọ tó gbẹ mọ́ Alága lára, ó ti ń sọ fáyé pé ẹnu awakọ̀ ń rùn fún ọtí. Ọ̀gá àgọ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e lọ sórí rédíò, kò bi ẹlòmíì léèrè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ fa bàálù náà jáde sí ọgbà ilé iṣẹ́ Alága, ẹ̀yìn ìyẹn náà ni ìgò yìí sì tó yọjú.

Ẹni tó gbé ìgò wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di báàgì aláwọ kan mú. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa gbé báàgì Alága tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ, ó sì ti ṣe é pẹ́ débi pé Gbébáàgì nìkan ni orúkọ tó kù fún un.

"Níbo lo ti rí i?" Mátànmíjẹ bi í.

"Nínú àpò ara ilẹ̀kùn, mà. Ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páílọ́ọ̀tì gan-an."

"Ọwọ́ òsì. Ó dá ẹ lójú?"

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ ọ́, mà."

"Ìgò tó ti sùn sísàlẹ̀ adágún, bébà ara ẹ̀ ò tú?"

Gbébáàgì fa báàgì mọ́ra. "Gọ́ọ̀mù tó dáa ni wọ́n ń lò báyìí, mà."

Irọ́ kì í bí Mátànmíjẹ nínú. Irọ́ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Èyí tó ń bí i nínú ni irọ́ tí wọ́n pa láìlàágùn. Ká ní òpùrọ́ tó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ ni, ì bá tiẹ̀ ti rẹ ìgò náà sómi mọ́jú. Àwọn wọ̀nyí ka ọlọ́pàá sí òmùgọ̀ débi pé wọn ò ṣe wàhálà kankan, ó sì wo ojú ọ̀gá àgọ́, ó rí i pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi.

"Mà," ọ̀gá àgọ́ tún bẹ̀rẹ̀, "Alága fẹ́ ká pa fáìlì náà dé lónìí. Ẹ ṣáà bá wa fọwọ́ sí i. Ẹ mọ̀ pé èèyàn ńlá ni wọ́n."

"Ṣé Alága ló bí ẹ ni?"

"Rárá o, mà."

"Ó dáa. Mo ní kí n tètè kí ẹ kú oríire ni."

Ó dìde, ó mú ìgò náà dání, ó jáde.

Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ dúdú. Ìyàwó awakọ̀ tó kú ni. Irun ló ń dì fún àwọn èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ tí kò ríṣẹ́ ṣe sì ń di wajawaja etí ìborùn rẹ̀, ó ń tú u, ó ń tún un dì.

"Ẹ kú ìrọ́jú," Mátànmíjẹ wí.

"Ẹ ṣeun, ìyá. Mi ò wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jí i dìde o." Ohùn obìnrin náà le. "Ọmọ mi obìnrin ni mo torí ẹ̀ wá. Kò lọ síléèwé mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é ní ọmọ ọ̀mùtí. Tó bá ti yọ sí wọn ní géètì, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó yó, wọn á máa ṣubú lu ara wọn. Ọkọ mi ò fẹnu kan ọtí rí láyé ẹ̀. Wọ́n fi rédíò bà á lórúkọ jẹ́, òun ò sì lẹ́nu tó lè fi sọ pé irọ́ ni mọ́. Ẹ bá mi gbà á lẹ́nu wọn."

Mátànmíjẹ kì í ṣèlérí. "Ta ló ń bá a ṣọ̀tá níbi iṣẹ́?"

Obìnrin náà ronú. "Mẹkáníìkì wọn ni. Nígbà tó ku ọ̀la kó kú, ó binú wọlé, ó ní díẹ̀ ló kù káwọn méjèèjì gbé ara àwọn ṣubú. Kò sọ ìdí ẹ̀ fún mi."

Ilé ìgbókùúsí ni Mátànmíjẹ ti kọ́kọ́ yà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó dé àgọ́. Dókítà ní èsì àyẹ̀wò ọtí ò tíì jáde, ó sì lè pẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi àmì dúdú fífẹ̀ kan hàn án lára òkú náà, láti èjìká òsì gba àyà kọjá dé ìbàdí ọ̀tún. Ó ní bẹ́líìtì ló fún un bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàálù gbá omi. Mátànmíjẹ fi í sọ́kàn, kò tíì mọ ibi tó máa lò ó sí.

Nígbà tó dé ọgbà ilé iṣẹ́, mẹkáníìkì náà jókòó lórí garawa ọ̀dà tó dojú dé, ó ń jẹ búrẹ́dì. Kò dìde. Hẹlikọ́pítà náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí kọnkéré níwájú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ kan ti kán, koríko odò sì há sí i lábẹ́. Mátànmíjẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Níwájú àga ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ́dà méjì sì wà fún ẹsẹ̀. Níwájú àga ọwọ́ òsì, kò sí nǹkan kan. Ihò tí wọ́n ti yọ irin kúrò ló kù.

Ara rẹ̀ yá gágá. Ẹnì kan bá awakọ̀ jà, ilẹ̀ mọ́, bàálù já, irin ìdarí kan sì ti kúrò níbi tó yẹ kó wà. Kí ni èèyàn tún ń wá?

"Ìwọ, ta ló yọ irin tó wà níbí?"

"Èmi ni, mà," mẹkáníìkì fi búrẹ́dì lẹ́nu dáhùn.

"O yọ ọ́, o sì jókòó síbí, ò ń jẹun?"

"Ebi ń pa mí ni, mà."

Mátànmíjẹ tẹjú mọ́ ọn títí ọkùnrin náà fi gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó wá rọra dìde, ó tọ́ka sí pẹpẹ kan lábẹ́ páànù. Ọ̀pá náà àti àwọn pẹ́dà rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fi àkísà wé wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun.

"Nígbàkígbà tí èrò bá máa jókòó síwájú la máa ń yọ ọ́," ó wí, "kó má baà fọwọ́ fà á, kó má baà fẹsẹ̀ gbá a. Wọ́n ní Alága ń jáde, mo yọ tòsì, mo lọ jẹun. Ìgbà tí mo máa fi padà dé, wọ́n ti gbéra."

"Ṣé òsì kọ́ ni ti awakọ̀ ni?"

"Nínú mọ́tò nìyẹn, mà. Nínú irú hẹlikọ́pítà yìí, ọ̀tún ni páílọ́ọ̀tì ń jókòó, òsì ni ti èrò."

"Ó dáa. Kí lo wá bá a jà sí?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Kẹ́tùlù."

"Kí ni?"

"Ó se kọfí nínú kẹ́tùlù mi, mà. Ó se kọfí, kò sì fọ̀ ọ́! Mo ti kìlọ̀ fún un títí!" Ojú rẹ̀ pọ́n. Inú ṣì ń bí i sí òkú.

Kẹ́tùlù náà wà lórí pẹpẹ lóòótọ́, mẹkáníìkì ti fi ọ̀dà pupa kọ "MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN" sí i lára gàdàgbà. Mátànmíjẹ wo kẹ́tùlù, ó wo ẹni tó ni ín, gbogbo rẹ̀ sì sú u. Ẹni tó lè pa èèyàn nítorí kẹ́tùlù wà láyé, òun fúnra rẹ̀ ti mú irú wọn rí. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní fi ẹ̀rí ẹjọ́ wé àkísà kó gbé e sórí pẹpẹ fún ọlọ́pàá. Òun ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, tó ń pa làpálàpá. Ó pòṣé sí ara rẹ̀ náà, nítorí ojúsàájú kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó padà sídìí bàálù. Ó fa bẹ́líìtì àga òsì. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ti ń jáde, èjìká òsì ló gbà sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí ọ̀tún. Ó fa ti àga ọ̀tún. Òun náà ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀ jáde, èjìká ọ̀tún ló gbà. Ó wá dúró jẹ́ẹ́, bẹ́líìtì lọ́wọ́. Òkú tó rí láàárọ̀, èjìká òsì ni àmì rẹ̀ wà. A jẹ́ pé àga òsì ni awakọ̀ náà wà nígbà tí wọ́n gbá omi, àga tí kò lọ́pá, tí kò ní pẹ́dà.

"Kí ló wá fi wà á sínú omi?" ó bi ara rẹ̀ sókè. "Itọ́ ẹnu?"

"Ẹ ní kí ni, mà?" mẹkáníìkì bi í.

"Máa jẹ búrẹ́dì ẹ."

Èèyàn méjì ló wà nínú bàálù, ọ̀kan ò lọ́pá lọ́wọ́, ẹni tó wà á kò tún nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n Mátànmíjẹ mọ àwọn lọ́yà olówó bí ẹni mọ ẹ̀fọn ilé rẹ̀. Wọn á ní òkú ló fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Wọn á ní omi ló gbé e sọ́tùn-ún sósì. Àmì ara òkú nìkan ò tó. Ẹnu alààyè ló kù. Ó sì ti mọ ẹnu kan tí kò lè pa mọ́.

Pálọ̀ Alága kọjú sí adágún, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Alága nà sórí àga gígùn, ó gbé apá ọ̀tún lé ìrọ̀rí. Àwòrán rẹ̀ ńlá kan wà lára ògiri, níbi tó ti de ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí, tó ń rẹ́rìn-ín nínú hẹlikọ́pítà. Ọ̀gá àgọ́ ti ṣáájú débẹ̀, ó jókòó sí bèbè àga bí ẹni tó wá wáṣẹ́. Mátànmíjẹ ti ní kí Gbébáàgì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ta ló ní kí obìnrin yìí wá?" Alága bi ọ̀gá àgọ́, kò wojú Mátànmíjẹ rárá. "Ṣebí o ní ẹ ti parí ẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Ó ku ìbéèrè," Mátànmíjẹ wí. "Ẹ kú ewu, sà. Ṣé ẹ mọ hẹlikọ́pítà wà?"

"Mo kọ́ ọ díẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ mi ò lọ́wọ̀, mo lé e lọ. Kí ló kan ìyẹn?"

"Kò kan nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, níbo lẹ jókòó sí?"

"Òsì." Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀tún ni ti páílọ́ọ̀tì. Òun ló wà lọ́tùn-ún. Èmi wà lósì, ọ̀pá ò tiẹ̀ sí níwájú mi. Bí mo bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ fi ràn án?"

"Òótọ́ ni. Mo rí i pé wọ́n yọ ọ́."

"Ẹ ò wá rí i?" Ara tù ú, ó na ẹsẹ̀. "Ẹnu ẹ̀ ń rùn, orí ẹ̀ ń tẹ̀, bàálù sì ń lọ sílẹ̀. Mo pariwo, pariwo. Ìgbà tí mo máa mọ̀, omi ti bò wá. Ẹ tún ti rí ìgò ẹ̀. Kí lẹ tún ń wá nílé mi?"

"A rí ìgò náà, sà." Mátànmíjẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì kékeré, ó ṣí ilẹ̀kùn. "Gbébáàgì, wọlé."

Gbébáàgì wọlé, báàgì lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ tẹrí ba fún Alága, ó tún tẹrí ba fún àwòrán ara ògiri, bóyá àṣìṣe ni, bóyá àṣà ni.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbéra?"

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún Alága, mà."

"Níbo ni Alága jókòó sí?"

Gbébáàgì na àyà. Ẹ̀rín ẹ̀gàn bọ́ sí i lẹ́nu, bíi ti ẹni tí wọ́n bi pé ṣé omi tutù. "Ọwọ́ ọ̀tún ni, mà. Ṣé ìyẹn náà gba ìbéèrè ni? Ọ̀gá mi kì í jókòó sósì ẹnikẹ́ni. Nínú mítìnnì, ọ̀tún ni. Nínú mọ́tò, ọ̀tún ni. Páílọ́ọ̀tì wà lósì, níbi tí dírẹ́bà máa ń wà, ọ̀gá mi wà lọ́tùn-ún bó ṣe yẹ àgbà."

Alága wúkọ́. Ikọ́ náà kì í ṣe ti òtútù. "O ò ríran dáadáa lọ́jọ́ yẹn," ó wí.

"Mo ríran kedere, sà," Gbébáàgì fi ọ̀wọ̀ dáhùn. "Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ níta pé wọ́n fi yín sósì."

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò, ṣùgbọ́n ti èyí tún yàtọ̀, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ni ẹnu tirẹ̀ ń pa, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó ń retí kí wọ́n yìn ín. Mátànmíjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú rẹ̀. Àánú náà ò pẹ́.

"Alága," ó wí, "ìgò yìí wà nínú àpò ilẹ̀kùn òsì. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ wà lósì. A jẹ́ pé ọtí yín nìyí. Tó bá sì jẹ́ pé ọtí páílọ́ọ̀tì ni lóòótọ́, a jẹ́ pé òun ló wà lósì, bí Gbébáàgì ṣe wí, ẹ̀yin lẹ wà lọ́tùn-ún níbi tí ọ̀pá wà. Ẹ mú ọ̀kan, sà. Èyí tó bá wù yín ni."

Ọ̀gá àgọ́ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. "Ẹ dúró ná, mà. Bó bá jẹ́ pé òsì…"

"Máa rò ó lọ. A ò ní fi ẹ́ sílẹ̀."

Ara Alága bù máṣọ. "Ó lè na ọwọ́ kó sọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ò lè máa ṣọ́ ọwọ́ páílọ́ọ̀tì."

"Páílọ́ọ̀tì tó ń wa bàálù lórí omi, ó na ọwọ́ kọjá lórí itan ọ̀gá ẹ̀, ó ki ìgò ọtí sínú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ò rí i." Mátànmíjẹ mi orí. "Ó dáa. Kí ló ṣe apá yín?"

"Bẹ́líìtì ló fún un. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ nígbà tó ń binú. Àmì dúdú fífẹ̀ kan ń ti èjìká ọ̀tún rẹ̀ bọ̀, ó gba àyà kọjá, ó ń lọ sí òsì. Mátànmíjẹ tọ́ka sí i, kò fọwọ́ kàn án.

"Mo ti fa bẹ́líìtì méjèèjì wò, sà. Ti òsì kì í gba èjìká ọ̀tún. Àmì ti òkú wà lósì. Tiyín nìyẹn."

Ọ̀gá àgọ́ ti rò ó débi tó yẹ, ó rọra dìde kúrò lórí àga Alága bí ẹni tí àga náà ta. Alága wo ìgò, ó wo àmì ara rẹ̀, ojú rẹ̀ wá já lu Gbébáàgì, ìbínú sì gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òmùgọ̀! Ta ló ní kó o fi sósì?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Gbébáàgì. "Ẹ̀yin ni, sà! Ẹ ní kí n fi síbi tí páílọ́ọ̀tì jókòó sí! Ibi tó jókòó sí gan-an ni mo fi sí!"

Alága dì bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ó ti gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Mátànmíjẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa, ó fún un láyè, nítorí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ yìí máa ń dùn mọ́ ọn.

"Gbébáàgì," ó wí lẹ́yìn náà, "kí ni wọ́n sọ kí wọ́n tó gbéra?"

Gbébáàgì wo ọ̀gá rẹ̀. Ọdún tó fi gbé báàgì náà kò kéré, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní òmùgọ̀ lójú àlejò nítorí pé ó ṣe bí wọ́n ṣe rán an. "Ọ̀gá ní àwọn fẹ́ fò kọjá lójú àwọn àlejò àwọn létí omi," ó wí. "Wọ́n ní kí páílọ́ọ̀tì bọ́ sósì. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dúró de mẹkáníìkì, kó dá ọ̀pá tòsì padà, kí n lè rí nǹkan fi ràn yín lọ́wọ́ tó bá di wàhálà.' Ọ̀gá ní àwọn ò lè dúró de ẹni tó ń jẹun. Wọ́n ní kó wọlé, tàbí kó gba ilé ẹ̀ lọ, kó má padà wá."

"Ó wá ṣe kí ni?"

"Ó wọlé, mà."

"Ṣé o mọ ẹni tí èmi ń jẹ́?" Alága wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti pẹ̀dín.

Láti ìgbà tó ti wọlé, "ẹ" àti "sà" ni Mátànmíjẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀ ẹ́," ó wí. "Dìde."

Ìyàwó awakọ̀ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì náà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ nígbà tí wọ́n mú Alága kọjá. Mátànmíjẹ jókòó ti obìnrin náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi dídùn kún un, kò sì yọ kíkan kúrò nínú rẹ̀.

"Ṣé ó mọ̀ pé ọ̀pá ò sí níwájú òun?" obìnrin náà bi í.

"Ó mọ̀. Ó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní kó wọlé tàbí kó máa lọ sílé."

"Ó sì wọlé."

"Ó wọlé."

Obìnrin náà tú etí ìborùn rẹ̀ tó ti dì. "Kí ló dé tí kò máa bọ̀ nílé?" ó wí. "Ṣé mo ti lé e jáde rí ni? À bá jọ jẹ gààrí gbẹrẹfu. Òmùgọ̀. Òmùgọ̀ ọkọ mi." Omijé tí kò jáde láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ìròyìn wá bá a wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó ń dà sára ìborùn rẹ̀, kò nù ún.

Mátànmíjẹ wá ẹ̀gàn tó máa ń ní fún àwọn tó ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ọkùnrin náà ti sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó lè gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù sì tún bà á lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán. Ó dun Mátànmíjẹ gan-an. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn obìnrin náà, kò mọ ohun tó tún máa ṣe.

Ọ̀gá àgọ́ jáde sí wọn, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Màdáámù, ẹ má bínú. A máa kọ lẹ́tà sí yín tó bá yá, láti fi tọrọ àforíjì."

Obìnrin náà gbé orí sókè. "Ṣé lẹ́tà lẹ fi pè é ní ọ̀mùtí ni?"

Ọ̀gá àgọ́ wo Mátànmíjẹ.

"Má wò mí," Mátànmíjẹ wí. "Ìwọ lo mọ nọ́ńbà àwọn rédíò."

Wọ́n wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgọ́. Ó pe ilé iṣẹ́ rédíò, ó ní òun ní ọ̀rọ̀, wọ́n sì jẹ́ kó wọlé sórí afẹ́fẹ́. Lórí kóńtà níta, rédíò àwọn ọlọ́pàá tó ń kọrin tẹ́lẹ̀ wá ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ọwọ́ ti tẹ ẹni tó wa hẹlikọ́pítà náà sínú omi. Ó ní ohun tí òun sọ tẹ́lẹ̀ nípa awakọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ dárúkọ ọkọ mi," obìnrin náà wí.

Ó dárúkọ rẹ̀, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún un. Ó ní kò mutí. Ó ní kò jẹ̀bi nǹkan kan. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó sì nawọ́ láti gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ tún un sọ," ni ìyàwó awakọ̀ wí. "Ọmọ mi lè má tíì tan rédíò."

Ó tún un sọ.